Bí Ìdílé Ṣe Ń Pa Ọjọ́ Ìsinmi Mọ́

Ẹni tó bá rò pé aago ṣọ́ọ̀ṣì ló ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ ìsinmi, ó ní láti jẹ́ pé kò tíì gbé ilé onígbàgbọ́ rí. Ọjọ́ Sátidé ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, ẹnì kan á ti gbé ata, tòmátò àti àlùbọ́sà dé ìsọ̀ alọta, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń lọ ata ládùúgbò ni kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ìyá ti gbé ẹran kaná, ó sì ń bó ẹ̀wà mọ́ín-mọ́ín lọ́wọ́. Ọmọbìnrin ilé jókòó sáàárín ẹsẹ̀ ẹni tó ń dirun fún un, ó ń ké pé wọ́n ń fa òun lórí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kó bàtà gbogbo ilé síwájú, ó ń kùn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá wà, aṣọ ni wọ́n á kọ́kọ́ lọ̀ kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bí kò bá sí, wọ́n á da ẹ̀yinná sínú áyọ́ọ̀nù eléèédú tí Màmá Àgbà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jù nù. Baba ilé ń ṣa owó ọrẹ: tọmọdé lọ́tọ̀, tàgbà lọ́tọ̀, ti ẹgbẹ́ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ akọrin kò sí nílé rárá, ó ti lọ fún ìdánrawò, àfàìmọ̀ ni kò ní jẹ́ pé òru ni yóò dé.

Ìjọ Áńgílíkà ni mo mọ̀ jù, nítorí náà ti Áńgílíkà ni màá ṣàlàyé: irú ìjọ tó wà ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú, Ọ̀wọ̀ àti Èkìtì, tí wọ́n ṣì ń fi Yorùbá ṣe ìsìn kan, ó kéré tán, lọ́jọ́ Àìkú. Lójú mi, ìjókòó ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà lórí àga kan náà, nínú ìsìn tí wọ́n ń fi èdè wa ṣe, ló so ilé pọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Ibi tí ìyẹn bá ti já, ìyókù á máa já tẹ̀ lé e.

Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni a ní ọjọ́ Àìkú: ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje tí à ń kà lónìí, ẹ̀sìn Ìmàle àti ti Krístì ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa; bí a bá ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó di márùn-ún, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ọjà kan ń ná ní ọrọọrún. Ọjà bẹ́ẹ̀ kò mọ ọjọ́ Àìkú yàtọ̀. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ á rí i pé láàárín ọjọ́ 28, ẹ̀ẹ̀kan ni ọjà ọrọọrún á bọ́ sí ọjọ́ ìsìn. Èyí tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ ló ń padà bọ̀ á bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 56. Ní abúlé tó jẹ́ pé ọjà yẹn ni gbogbo owó ti ń wá, ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di onígbàgbọ́. Ṣé kó ru ẹrù rẹ̀ lọ sọ́jà ni, àbí kó lọ jókòó sílé ìsìn? Àwọn kan máa ń lọ sí ìsìn òwúrọ̀ kùtùkùtù, wọ́n á sì gba ibẹ̀ bọ́ sí ọ̀nà ọjà. Àwọn mìíràn á jẹ́ kí ọjà ọjọ́ náà lọ, wọ́n á fara mọ́ àdánù rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó bá mọ ohun tí ọjà kan ṣoṣo jẹ́ fún ìyá ọlọ́mọ márùn-ún ló lè mọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀.

Ní Ìbàdàn, ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì ti wọnú ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí David Hinderer, míṣọ́nnárì òyìnbó, àti ìyàwó rẹ̀, Anna, wá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ lọ́dún 1853, àwọn ọmọdé wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà sọ́dọ̀. Olóyè Olúnlóyọ̀ fa ọmọ rẹ̀ méjì lé wọn lọ́wọ́, Yéjídé àti Akínyẹlé, Anna sì ń tọ́ wọn bí ẹni tó bí wọn. Ìtàn ìgbé ayé náà wà nínú ìwé tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ Anna ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀, Seventeen Years in the Yoruba Country, tó jáde lọ́dún 1872. Daniel Olúbí, tó bá wọn wá láti Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀, ló wá di alùfáà tó ń ṣọ́ ìjọ Kúdẹtì lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó náà ti lọ. Abẹ́ òrùlé kan ni wọ́n ti jẹun, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kàwé, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbàdúrà. Bí ìjọ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kó tó di ohun tí a kọ́ ilé gogoro fún.

Lónìí, àdúrà ìdílé ló ń ṣáájú ohun gbogbo láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Wọ́n á péjọ ní pálọ̀, àwọn ọmọ á ṣì máa nu ojú oorun. Kì í pẹ́: orin kan, ẹsẹ Bíbélì díẹ̀, àdúrà baba, oore-ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni omi ìwẹ̀, gèlè wíwé àti ariwo ta ló gbé fìlà mi. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Ìdàpọ̀ Mímọ́, àwọn àgbà tó fẹ́ gbà á kì í fẹnu kan oúnjẹ. Àwọn ọmọ á mu ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àkàrà. Aago àkọ́kọ́ á lù, ara á yá gbogbo ilé. Bí aago kejì bá fi lù tí wọn kò tíì jáde, baba á ti wà lẹ́nu ọ̀nà, á máa pe orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí àkọlé lára àga, síbẹ̀ gbogbo ìjọ ló mọ ibi tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń jókòó sí. Àjèjì tó bá ṣèèṣì jókòó síbẹ̀, wọn kò ní lé e. Wọ́n á kí i, wọ́n á sún mọ́ ọn, ọmọ kan á bọ́ sórí itan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí àyè lè gbà wọ́n. Ọkùnrin á ṣí fìlà, obìnrin á borí. Àwọn akọrin á wọlé nínú aṣọ wọn, dúdú lábẹ́, funfun lókè, alùfáà á kẹ́yìn wọn. Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni Sáàmù tí alùfáà àti ìjọ ń gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kọ́ kìíní láti inú Májẹ̀mú Láéláé, ẹ̀kọ́ kejì láti inú Májẹ̀mú Tuntun, Ìgbàgbọ́, àdúrà, ìkéde, ìwàásù, ọrẹ. Ẹni tó bá ti ń lọ láti kékeré, kò ní láti wo ìwé kó tó mọ ibi tí wọ́n dé.

Lára òpó níwájú ni pátákó orin wà, pẹ̀lú nọ́ńbà orin mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n fẹ́ kọ. Màmá Àgbà kì í dúró de ìkéde. Bó bá ti jókòó, á wo pátákó, á ṣí Ìwé Orin Mímọ́ rẹ̀, á fi bébà pélébé sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ìwé náà ti gbó, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya rí, òwú dúdú ni wọ́n fi rán an. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó jókòó tì í kò tíì mọ̀wé kà dáadáa. Bí dùrù bá gbé orin, màmá á na ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, á máa wọ́ ọ lọ bí orin ṣe ń lọ, ojú ọmọ á máa tẹ̀ lé ìka náà. Bí ìlà bá pin, ìka á padà sẹ́yìn, á sọ̀kalẹ̀ sí ìlà kejì. Ẹnikẹ́ni kò pè é ní ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á tún kọ orin yẹn kan náà. Ọmọ á ti mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí, á wá máa bá ohun tó mọ̀ lórí pàdé nínú ìwé, ọ̀rọ̀ kan lónìí, méjì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí yóò fi lè ka ìlà tí kò gbọ́ rí. Mo mọ àwọn àgbà tí kò jókòó ní kíláàsì kankan láyé wọn tí wọ́n sì ń ka Bíbélì Yorùbá geere. Irú ìka bẹ́ẹ̀ ló kọ́ wọn.

Ìwé wọ̀nyẹn ní ìtàn. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoogùn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́dún 1821, ló fi Yorùbá ṣe ìsìn fún àwọn ará wa ní Freetown ní oṣù kìíní ọdún 1844. Òun náà ló ṣíwájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì, odindi rẹ̀ sì jáde lọ́dún 1884. Ọ̀rọ̀ orin ni kò tètè gún. Àwọn míṣọ́nnárì mú ohùn orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n to ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i lábẹ́. Ibi tí ohùn ọ̀rọ̀ bá ti ń gòkè, orin lè máa sọ̀kalẹ̀, ẹni tí kò bá sì ní ìwé lọ́wọ́ kò ní mọ ohun tí wọ́n ń kọ gan-an. J. J. Ransome-Kuti, alùfáà ará Abẹ́òkúta tó jẹ́ bàbá bàbá Fẹlá olórin, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe orin ìyìn tó tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ wa. Ní 1922, ó kọ wọ́n sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù fún iléeṣẹ́ Zonophone. T. K. Ekundayo Phillips, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta dùrù ní Kàtídírà Krístì ní Màrínà, Èkó, lọ́dún 1914, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí ọ̀ràn yìí kan náà, ó sì kọ ìwé kan lé e lórí, Yoruba Music, tó jáde ní 1953. Lónìí, irú orin méjèèjì ló ń jáde nínú ìsìn kan. Bí wọ́n bá ń kọ ti òyìnbó, ìjọ á dúró tọwọ́tọwọ́. Bí ti ilé bá gbé e, èjìká á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo fẹ́ràn méjèèjì, èmi kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi.

Bí ó bá di àkókò Ìdàpọ̀ Mímọ́, ẹ wo àwọn tó dìde àti àwọn tí kò dìde. Àwọn ọmọ tí bíṣọ́ọ̀bù kò tíì gbọ́wọ́ lé lórí á jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ ó tún rí baba kan nínú agbádá, tó ń san owó ìjọ déédéé, tí kì í pa ìsìn jẹ, tó jókòó pa. Ìyàwó méjì ló ní. Ní ọdún 1888, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ní Lambeth, ní Lọ́ńdọ̀nù, pinnu pé wọn kò gbọdọ̀ ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin tó bá ní ju aya kan lọ. Àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ aya àti lórí ẹni tí yóò máa darí ìjọ jà rànìn ní Èkó, ó sì wà lára ohun tó bí àwọn ìjọ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa dá sílẹ̀ fúnra wọn: United Native African Church ní 1891, African Church ní 1901, àti Eléjà tó ya kúrò lára Mẹ́tọ́díìsì ní 1917. Ní 1988, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn ìpinnu àkọ́kọ́, ìpàdé Lambeth gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbà pé ọkùnrin aláya púpọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sínú ìgbàgbọ́ lè ṣe ìrìbọmi pẹ̀lú àwọn aya àti ọmọ rẹ̀ tó gbàgbọ́, bó bá ti ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ òmíràn mọ́, láìjẹ́ pé wọ́n fipá mú un lé èyíkéyìí nínú wọn lọ. Ẹni tó ti ṣe ìrìbọmi kó tó lọ fẹ́ ìkejì kò sí nínú èyí, ìdí nìyẹn tí baba wa fi jókòó. Kò sẹ́ni tó lé e, òun náà kò sì bá ìjọ bínú. Ọmọ rẹ̀ á dìde, á gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ síbi pẹpẹ, baba á fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí ọmọ lè rí ọ̀nà.

Ìdúpẹ́ ni ibi tí ilé ti ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì tẹsẹ̀tẹsẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹni tó fẹ́ dúpẹ́ á ti lọ sí ọ́fíìsì ìjọ, á sọ orúkọ ìdílé àti ohun tí Ọlọ́run ṣe fún wọn, wọ́n á fi í sínú ìkéde. Ó lè jẹ́ ọmọ tuntun. Ó lè jẹ́ ẹni tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba láìsí ẹ̀sùn lọ́rùn, ẹni tó kọ́lé, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ takìtì tí kò fara pa. Bí wọ́n bá ṣègbéyàwó ní Sátidé, ọjọ́ Àìkú ọjọ́ kejì ni ìdúpẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá sin arúgbó ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ olóògbé á wá lọ́jọ́ Àìkú nínú aṣọ kan náà, ẹkún á ti dín, ijó á ti pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ọmọ tuntun. Lẹ́yìn ìwàásù, wọ́n á pe orúkọ ìdílé náà. Wọn kì í dìde láti orí àga lọ síwájú tààrà; ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́nu ọ̀nà, ni wọ́n á lọ tò sí. Ìyá ọkọ ló gbé ọmọ, nítorí ọjọ́ náà, ti gbogbo ẹbí ni ọmọ. Ìyá ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣì ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọkọ, àwọn àbúrò rẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó, ará àdúgbò, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, gbogbo wọn tò lẹ́yìn. Onígángan á kọ́kọ́ fi ìlù pe oríkì ilé náà, ìjọ á rẹ́rìn-ín, dùrù á wá wọlé. Ìṣísẹ̀ méjì síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa jó bọ̀ ní àárín ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó jókòó lọ́tùn-ún lósì á máa ju ọwọ́ sí wọn. Ẹgbẹ́ Ìyá á ti bọ́ sínú ìlà kí wọ́n tó dé ìdajì. Ẹ wo ọ̀gbẹ́ni yẹn tó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́, tó ń jó bíi ti gbogbo wọn: Mùsùlùmí ni, ẹ̀gbọ́n baba ọmọ ni, kò sì sí ẹni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá dé iwájú pẹpẹ, ìlù á dákẹ́ wọ̀ọ̀. Wọ́n á kúnlẹ̀. Alùfáà á gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá ọkọ, á gbé e sókè kí ìjọ lè rí i, á gbàdúrà fún wọn, á pe ọmọ ní orúkọ rẹ̀. Wọ́n á fi àpò owó sínú àwo. Lẹ́yìn náà ni ìlù á tún bẹ̀rẹ̀, ó lè ju ti ìṣáájú lọ, wọ́n á sì jó padà.

Ìwé àdúrà Áńgílíkà ti ní ètò ìdúpẹ́ fún obìnrin tó bá bímọ, ètò ṣókí, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti obìnrin náà nìkan. Ijó, ẹbí àti ìlù, àwa la mú wọn wọ inú rẹ̀. Mo gbà pé ibi tí wọ́n ti wá ni ọ̀nà tí à ń gbà dúpẹ́ oore nílé. Bí ẹnì kan bá ṣe ọ lóore ńlá, o kì í dá nìkan lọ dúpẹ́. O máa ń kó àwọn ènìyàn rẹ lẹ́yìn, kí olóore lè mọ̀ pé oore náà kan ju ẹnì kan lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ènìyàn ni wọ́n ń ṣe fún Ọlọ́run, ó sì bá a mu.

Ohun kan ń dùn mí nínú rẹ̀. Ní àwọn ìjọ kan, wọ́n ti ń ka iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú wá sétí gbogbo ayé, wọ́n sì ń pe àwọn olówó síwájú ṣáájú àwọn tó kù. Nítorí èyí, mo mọ àwọn tó bímọ tí wọn kò mú un wá fún oṣù mélòó kan, torí pé owó tí ojú kò ní tì wọ́n láti gbé wá kò tíì pé. Èyí burú. Ìdílé tí kò ní ju igba náírà lọ, ìlù yẹ kó dún fún wọn bó ṣe dún fún ẹlòmíràn. Àwọn alàgbà ìjọ lè dá a dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo: kí wọ́n kàn pàṣẹ pé kí gbogbo owó ìdúpẹ́ máa wà nínú àpò ìwé, kí ẹnikẹ́ni má kà á níta.

Ìkórè ọdọọdún, ní ìparí ọdún, yàtọ̀. Níbẹ̀, wọ́n ń pe àwọn ènìyàn jáde ní ọjọ́ tí a bí wọn: àwọn ọmọ ọjọ́ Àìkú, ọmọ ọjọ́ Ajé, ọmọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, títí dé Àbámẹ́ta, wọ́n á sì máa bá ara wọn díje owó tẹ̀ríntẹ̀rín. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti adìyẹ tí àwọn àgbẹ̀ kó wá, wọ́n á lù wọ́n ní gbàǹjo lẹ́yìn ìsìn. Ọmọ ilé kan náà lè wà ní ẹgbẹ́ mẹ́rin, kí wọ́n máa yọ ara wọn lẹ́nu nípa rẹ̀ títí wọ́n fi délé.

Ìsìn á parí, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í tètè lọ. Ìta ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń béèrè ara ẹni tí a kò rí lọ́sẹ̀ yìí, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń dọ̀bálẹ̀ fún bàbá tó ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà ìrìbọmi. Ibẹ̀ náà ni ẹnì kan ti ń sọ fún ìyá kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo ní ọmọbìnrin kan tí mo fẹ́ kí ọmọ yín rí." Ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó ló bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì.

Nílé, ìrẹsì ni. Ilé tí wọ́n ti ń jẹ àmàlà láti ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta pàápàá, ìrẹsì ni wọ́n á sè lọ́jọ́ Àìkú, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tí wọ́n ti dín lálẹ́ àná, dòdò àti mọ́ín-mọ́ín inú ewé. Ìyá kì í jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ tán. Abọ́ kan á lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò tó ń ṣàìsàn. Òmíràn á lọ sí ilé àbúrò baba tó jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn náà á sì rántí nígbà ọdún Iléyá, ẹran á wá. Nínú ọ̀pọ̀ ẹbí wa, ọmọ ìyá kan náà pín sí ẹ̀sìn méjì, abọ́ oúnjẹ ni kò jẹ́ kí ọ̀nà àárín wọn hu koríko.

Ọ̀sán ni wọ́n ń lọ kí àwọn àgbà ní agboolé. Bí ìpàdé ẹbí bá bọ́ sí ọjọ́ náà, wọ́n á jíròrò ọ̀rọ̀ ilẹ̀, owó ilé ìwé ọmọ ẹni tó ṣaláìsí, ìjà tó wà láàárín tọkọtaya kan. Ẹni tó ṣì wọ aṣọ tó wọ̀ lọ síwájú pẹpẹ láàárọ̀ á jókòó níbẹ̀, á gbọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án. Mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ ìwàásù òwúrọ̀ wọ inú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, tí bàbá àgbà kan kàn sọ pé, "Ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí Fíkà sọ," tí ohùn àwọn tó ń jà sì rọlẹ̀.

Àwọn tí kì í ṣe Áńgílíkà náà ní tiwọn. Àwọn ará Sẹ̀lẹ́, ìjọ tí Samuel Bilewu Oshoffa dá sílẹ̀ ní Porto-Novo lọ́dún 1947, á ti bọ́ bàtà sílé, wọ́n á máa rìn lọ nínú sùtánà funfun. Àwọn Kérúbù àti Séráfù, tí Moses Orímọládé àti Abíọ́dún Akínsọ́wọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1925, kì í fi ìlù àti ijó ṣeré. Àwọn ará Rídíìmù á ti wà ní kíláàsì Bíbélì ní kùtùkùtù, ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọ́n sì ń ṣe ìdúpẹ́ tiwọn. Bí ẹ bá wo ilé wọn ní aago méjì ọ̀sán, ìrẹsì náà ni.

Àdúrà Ìrọ̀lẹ́ ti ń tán lọ. Nígbà kan, aago á tún lù nírọ̀lẹ́, ìdílé á sì padà lọ. Nísinsìnyí, àwọn arúgbó díẹ̀ ló ń jókòó síbẹ̀. Nílé, ọmọ ń wá aṣọ ilé ìwé, wọ́n ń pe àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston lórí fóònù, màmá ń bi wọ́n bóyá wọ́n lọ ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, wọ́n sì ń dáhùn pé àwọn lọ.

Èyí tó ń ká mi lára jù ni ti àwọn ọmọ. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ nílùú ńlá, ẹnu ọ̀nà ni ọmọ àti òbí ti ń pínyà. Wọ́n á kó àwọn ọmọ lọ sí gbọ̀ngàn tiwọn, níbi tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn, tí wọ́n ti ń kọ orin tí Màmá Àgbà kò mọ̀. Àwọn olùkọ́ tó ń ṣe é, tọkàntọkàn ni wọ́n fi ń ṣe é, mi ò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá dàgbà báyìí kò gbọ́ Sáàmù ní Yorùbá rí, kò rí baba rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ níbi tí àwọn ènìyàn wà, kò tẹ̀ lé ìka kankan lórí ìwé orin. Bó bá pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí wọ́n ní kó wá jókòó ti àwọn àgbà, àlejò ló máa ń jẹ́ níbẹ̀. Kì í pẹ́ tó fi ń lọ. Àwọn òbí á wá máa béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àwọn ìjọ kan ti ń wá nǹkan ṣe sí i. Wọ́n ya ọjọ́ Àìkú kan sọ́tọ̀ lóṣù tí gbogbo ìdílé á jọ jókòó. Bí mo bá ní ẹnu nínú ìgbìmọ̀ ìjọ, màá béèrè ju ìyẹn lọ. Kí àwọn ọmọ tó ti lé ní ọdún márùn-ún wà pẹ̀lú wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ẹ̀kọ́ kejì á fi parí. Nígbà ìwàásù ni kí wọ́n tó kó wọn lọ sí ẹ̀kọ́ tiwọn, kí wọ́n sì padà kí ìdúpẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ijó yẹn, tiwọn ni. Kí wọ́n fún ọmọ kan ní ẹ̀kọ́ kìíní láti kà, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní Yorùbá. Kí wọ́n sọ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ẹni tó dàgbà jù nílé bá a kà á lálaalẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, kó tún ohùn rẹ̀ ṣe níbi tó bá ti ṣì í. Bí ọmọ bá sì pé ọdún méje, kí ìjọ ra Ìwé Orin Mímọ́ kan fún un láti inú owó ìkórè, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Kò sí ìjọ tí owó ìwé bẹ́ẹ̀ máa sọ di aláìní.